Má Kọ́ Èdè Tí Ó Há Mi Mọ́ Sókótó

Gidan Igwai,
Sókótó.

Muhsinah, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù aléékún. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, nítorí ohùn rẹ dún ketekete lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àìsàn mọ ilé. Orúnkún Màmá ńkọ́? Èmi náà wà láàyè, ooru ibí nìkan ló ń bá mi jà.

O béèrè èdè kọ̀ǹpútà tí o máa kọ́ kí o lè wá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, kí èmi sì padà sọ́dọ̀ Abdulfatai ọkọ mi ní Ìlọrin. Inú mi dùn púpọ̀. O mọ̀ pé ó ti ní òun kò fẹ́ ìyàwó inú fóònù mọ́. Dókítà Tanko, ọ̀gá ilé ìwòsàn wa, sì ní mi ò gbọdọ̀ lọ àfi bí mo bá mú ẹni tí yóò rọ́pò mi wá. "Àbúrò ẹ tó ń ka kọ̀ǹpútà ńkọ́?" ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ kì í tán nílé!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé dáadáa. Ẹ̀rọ méjì ló ń pèsè ọ́síjìn fún àwọn ọmọ tuntun níbí. Bí méjèèjì bá gbéra pọ̀, iná á já. Ìdí nìyẹn tí Akínbọ̀dé, tó ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó dé, fi ní kí kọ̀ǹpútà tó ń tan wọ́n kọ́kọ́ máa ka nọ́ńbà lásán, kí àkókò lè kọjá, kí ó tó tan ìkejì. Èdè C ló fi kọ àṣẹ náà. C máa ń gbà ọ́ gbọ́ jù. Púpọ̀ nínú àṣìṣe rẹ ni kò ní bi ọ́ léèrè. Ṣùgbọ́n kọ̀mpáílà, ògbufọ̀ tó ń sọ ọ̀rọ̀ wa di ohun tí ẹ̀rọ lè gbọ́, ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí o bá ní kí ó mú iṣẹ́ yá, yóò wo kíkà lásán yẹn, yóò ní kò mú nǹkan kan jáde, yóò sì gé e dànù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí mo ń bọ̀ wálé ọdún Iléyá. Ẹni tí wọ́n fi dípò mi ní kí kọ̀mpáílà mú iṣẹ́ yá, kò mọ̀ pé yóò gé kíkà náà, ẹ̀rọ méjèèjì sì gbéra pọ̀. Mo ti dé Yauri nígbà tí Indo, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ náà, pè mí: "Wayyo, Sìmbí, iná ti lọ!" Ọwọ́ ló fi ń ṣí sílíńdà fún àwọn ọmọ. Gbogbo wọn yè. Mo wọ mọ́tò tó ń padà. Mo ti tún ibẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ṣì fọ́n káàkiri inú iṣẹ́ náà, èmi nìkan ni mo sì mọ ibi tí wọ́n wà. Bí o bá kọ́ C, tí o wá, ìwọ náà á mọ̀ wọ́n. Nígbà náà, ìwọ ni wọn ò ní jẹ́ kó lọ.

Mo ro ti Rust, èdè mìíràn. Kọ̀mpáílà tirẹ̀ le bí ààfáà ilé kéú. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe ni kò ní jẹ́ kó kọjá. Àmọ́ ó ṣòro í kọ́, ta ni yóò kà á lẹ́yìn mi? Python, èdè tó rọrùn kà, lọ́ra, àṣìṣe inú rẹ̀ sì lè sá pamọ́ títí iṣẹ́ á fi dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kì í kánjú gbéra, kí ni yóò fi iyára ṣe? Mo fi Python kọ ìlà díẹ̀ han Indo. Ó kà á, ó ní, "Ashe! Ṣé pé kí ó dúró ló wà níbí?"

Nítorí náà, má wá. Èmi àti Indo máa fi Python tún gbogbo rẹ̀ kọ, a ó sì máa dán an wò níkọ̀ọ̀kan. Yóò gbà wá títí òjò ọdún tó ń bọ̀ kí Indo tó lè rọ́pò mi. Mi ò mọ̀ bóyá Abdulfatai yóò dúró dè mí. Lẹ́tà ni mo kọ, nítorí bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, mà á ní kí o máa bọ̀. Mo fẹ́ lọ, Muhsinah. Mo ń di àpò mi, mo tún ń tú u. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọ́ pààrọ̀ ara mi.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní iṣẹ́ tí o lè fi sílẹ̀ nígbà tí o bá fẹ́. Kí Ó dá Màmá sí fún wa. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sìmbíátù.

Àfikún: Dókítà Tanko ti gba nọ́ńbà rẹ lọ́wọ́ mi kí n tó pinnu. Wọ́n á pè ọ́. Wọn ò ní sọ pé kí o wá gbé ibí. Wọ́n á ní kí o kàn wá wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ fún mi.