Fọ́ọ̀mù Tí Mo Bá Odò Àríyọ̀ Kọ

Abúlé Ìdí-Obì,
Lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́, Rẹ́mọ.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá.

Hàbíbátù ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé ariwo Èkó kò tíì di yín létí? Àwa níhìn-ín dúpẹ́. Ọlọ́hun tó jí wa lónìí yóò máa jí ìwọ náà kí aago rẹ tó dún. Ìyá rẹ Ṣùkúrátù ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n sọ fún ọ pé ìkọ́kọrẹ́ lòun ń sè bí mo ti ń kọ ìwé yìí, kí o lè máa dá itọ́ mì lọ́hùn-ún.

Mo mọ̀ pé o ní kí n máa fi fóònù ránṣẹ́. Mo ti rò ó, ọmọ mi. Bí bátìrì fóònù bá kú, ibo ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ máa wà? Ìwé kì í kú bẹ́ẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tó ń ná Ògèrè sí Èkó ló máa gbé e wá, fún un lómi mu.

Ọ̀rọ̀ igi obì rẹ ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí ìwọ́ rẹ já, etí odò Àríyọ̀ ni mo rì í mọ́, mo sì gbin obì sórí rẹ̀. Nígbà tí o wálé kẹ́yìn, ogún ìṣísẹ̀ ló wà láti ìdí igi náà dé omi. Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, ó ku mẹ́ta. Má jáyà, jẹ́ kí n máa bọ̀.

Dáàmù tí wọ́n ṣe sókè odò ló fà á. Lọ́dún tí wọ́n parí rẹ̀, inú gbogbo wa dùn, nítorí omi wa mọ́ gaara, o lè dúró lókè kí o máa ka ẹja. Ìyá rẹ ní irú omi báyìí, àwọn ọba ló ń mu ún. Àṣé ibẹ̀ ni ìjàngbọ̀n fara pamọ́ sí. Lẹ́yìn òjò ọdún kejì, yanrìn tó máa ń tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní nípadò kò sí mọ́, odò sì bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀, ó ń gé etí ara rẹ̀ jẹ. Ó jẹ oko kókò ìyá rẹ, bó ti jẹ ẹ́ tán ló kọjú sí igi rẹ.

Mo wọ agbádá, mo gba ọ́fíìsì dáàmù lọ. Mo bá ọ̀dọ́kùnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Boaz. Ó ní òun ni Igbákejì Olùrànlọ́wọ́ Alábòójútó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, mo sì rò pé èèyàn mẹ́ta ló ń dárúkọ, mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi àwòrán abúlé wa hàn mí, èyí tí wọ́n yà láti ojú sánmà. Hàbíbátù, mo rí òrùlé wa! Mo rí balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé náà, èyí tí a kò bo orí rẹ̀. Nítorí pé òkè ni wọ́n ti ń wò wá, fìlà ni mo fi ń wẹ̀ báyìí, kí wọ́n má baà dá mi mọ̀.

Nínú àwòrán yìí kan náà ni mo ti rí yanrìn wa. Ó wà lẹ́yìn ògiri dáàmù rẹpẹtẹ, ó nà bí ahọ́n wọ inú adágún. Mo ní wọ́n jí i ni. Boaz ní ẹnikẹ́ni kò jí nǹkan kan. Ó ní bí odò bá ń sáré, ó lè ru yanrìn, ṣùgbọ́n bó bá wọ adágún tí kò ríbi sáré mọ́, ó máa sọ ẹrù kalẹ̀ ni. Omi nìkan ló ń kọjá wá bá wa, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, agbára sì kún ara rẹ̀, ló bá ń wá ẹrù mìíràn rù, erùpẹ̀ tiwa ló sì rí. Nígbà náà ló tó yé mi. Odò wa kì í ṣe olè. Alárù tí wọ́n gbẹ́rù kúrò lórí rẹ̀ ni.

Boaz fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí ẹni tí dáàmù ṣe ní jàǹbá kọ ọ́. Mo gbé e délé, mo rò ó títí. Ṣé èmi ni wọ́n gbẹ́rù lórí mi ni? Odò ni. Mo bá a kọ ọ́. Orúkọ: Àríyọ̀. Ọjọ́ orí: àwọn tó tẹ ìlú dó bá a níbẹ̀. Iṣẹ́: alárù. Adírẹ́sì: kì í dúró sójú kan. Ọmọ mélòó: ẹja ni, a kò lè kà wọ́n tán.

Wọ́n tún ní fọ́tò pélébé, kí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, kí etí méjèèjì hàn. Mo ránṣẹ́ pe Fàrúkù oníkámẹ́rà láti Ìjòkú, ní Ṣàgámù. Ìyá rẹ lọ dúró lódìkejì, ó ta ìró pupa rẹ̀ sókè. Fàrúkù ní kí odò má mira, odò kò gbọ́. Ìyá rẹ kígbe láti òdìkejì pé apá ń ro òun, pé ṣé odò ni wọ́n ń yà ni àbí ìyàwó tuntun. Ṣùgbọ́n etí méjèèjì hàn kedere, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti òsì ti ń lọ tán.

Níbi tí wọ́n ní kó bọwọ́ lùwé, mo ti igun fọ́ọ̀mù náà bọ omi, kí odò fi ẹrẹ̀ tẹ àmì tirẹ̀. Ìwé gbẹ, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ó funfun báláú. Ni mo bá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: Kò lè bọwọ́ lùwé mọ́, yíǹkì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín.

Nígbà tí mo gbé e padà lọ sí ọ́fíìsì, Boaz ní òun kò lè gbà á, pé ẹni tó wà láàyè nìkan ni fọ́ọ̀mù náà wà fún. Mo bi í pé láti àárọ̀ tí mo ti jókòó síbẹ̀, nínú òun àti odò, ta ló ti ṣí kúrò lójú kan? Àwọn akọ̀wé tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló mú ọ̀gá wọn jáde, Ẹnjiníà Adétóun, obìnrin kúkurú kan tí kò tilẹ̀ sọ oyè kankan fún mi. Ó ń ka fọ́ọ̀mù, ó ń rẹ́rìn-ín, títí ó fi dé ibi yíǹkì, ló bá fa àga sún mọ́ mi. Ó ní kí Bàbá fìdí kalẹ̀ dáadáa. Ó ní òtítọ́ ni mo kọ, pé ẹrẹ̀ yẹn ń gba ààyè omi mọ́ àwọn náà lọ́wọ́ nínú adágún. Ó ní géètì kan wà nísàlẹ̀ ògiri tó yẹ kí wọ́n máa ṣí lákòókò òjò kí ẹrẹ̀ lè bá omi jáde, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, wọn kò ṣí i rí, nítorí kò sẹ́ni tó kọ̀wé béèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni wọ́n ṣí i. Wọ́n ti lé gbogbo wa kúrò nípadò, a wà lórí òkè. Omi náà dé, Hàbíbátù! Ó ki, ó pọ́n bí ògì bàbà. N kò rí i rí kí inú èèyàn dùn báyìí nítorí omi ìdọ̀tí. Ìyá rẹ tó ń yin omi mímọ́ ló kọ́kọ́ bẹ́ sí ijó. Nígbà tí omi fà lọ́jọ́ kẹta, yanrìn tuntun ti tẹ́ sí ìdí igi rẹ lọ. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ìṣísẹ̀ mọ́kànlá! Boaz wá wò ó fúnra rẹ̀, bàtà rẹ̀ dídán rì dé ọrùn ẹsẹ̀, ìyá rẹ sì ní kí Igbákejì Olùrànlọ́wọ́ Alábòójútó rọra o, pé ẹrẹ̀ kò mọ oyè. Ẹnjiníà ní ọdọọdún làwọn yóò máa ṣí i, pé yanrìn líle tí kò lè rìn dé géètì, típà làwọn yóò fi kó o wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Fọ́ọ̀mù yẹn béèrè nọ́ńbà àkáǹtì, odò kò sì ní. Tìrẹ ni mo kọ. Bí owó gbà-máà-bínú kan bá wọlé, mo bẹ̀ ọ́, má fọwọ́ kàn án, ti odò ni. Inú tìrẹ ni kí o ti mú díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa: owó ọṣẹ fún ìyá rẹ, nítorí gbogbo aṣọ funfun wa ti di aláwọ̀ ògì, àti owó Fàrúkù, tó ní òun kò mọ ilé odò, ilé wa lòun mọ̀.

Gbogbo ohun rere tó ń ṣàn bọ̀ wá bá ọ, ògiri kan kò ní dá a dúró lọ́nà. Ẹrù kò ní wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọwọ́ rẹ kò sì ní dilẹ̀. Ilẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yúnúsà.