Ẹni Tó Tún Bíréèkì Ṣe Ni Yóò Kọ́kọ́ Gùn Ún

Òkokomáíkò,
Ọ̀jọ́, ní Èkó.

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà yìí. Orí páálí ni mo fi orúnkún lé, torí gíríìsì ti kún gbogbo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá mi, ẹ kú àmójútó ilé. Ẹ̀gbọ́n mi Lásísì, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Mo gbọ́ pé ẹ ti ra ọ̀kadà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rọra gùn ún, àwa tá à ń tún bíréèkì ṣe la mọ ohun tójú wa ń rí. Súlíyà àbúrò mi, ìwọ lo máa ka lẹ́tà yìí sétí Bàbá. Má fo ibì kankan o, pàápàá ibi tí mo ti ṣàṣìṣe. Mo ti fún àwọn oníwèé ìròyìn ní ẹ̀dà kan, torí ó wù mí kí ayé gbọ́ nípa ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́.

Òjò ọdún yìí ò gba ẹ̀bẹ̀ rárá. Bó bá ti ṣú báyìí, mo ti ń kó táyà sórí tábìlì nìyẹn, torí àgbàrá Òkokomáíkò kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Ìyá mi, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní mo ti gbẹ. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń dùn mí: kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ níbí. Mádáàmù Básíkù ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Bó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè, tí kálukú kó ọmọ ẹ̀ lọ kí ẹbí, tó wá ku èmi nìkan ní yàrá, ilé máa ń sọ mí gan-an. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Bàbá mi, ẹ rántí pé lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ lÉkòó, ẹ ní iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere ti kú. Ẹ ní ẹ̀yin gan-an lẹ sin ín, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín pa. Ẹ ní ta ló fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ nígbà tí ọ̀kadà wà nílẹ̀. Mi ò fèsì lọ́jọ́ náà, torí èèyàn kì í bá bàbá ẹ̀ jiyàn nígbà tí ẹrù ti wà nínú mọ́tò. Èsì mi ló dé yìí. Ó pẹ́ díẹ̀, ẹ má bínú.

Mo ní oníbàárà kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Tíṣà. Ọmọ onílẹ̀ Ọ̀jọ́ ni wọ́n, Ìgbó-Elérin ni ilé wọn wà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, Màmá yìí ń gun kẹ̀kẹ́! Gbogbo àárọ̀ Sátidé, wọ́n á wé ìbòrí, wọ́n á dé akoto lé e, wọ́n á sì kọjá lára àwọn ọlọ́kadà ní títì. Àwọn ọlọ́kadà á máa hó yè.

Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe irú èyí tẹ́ ẹ mọ̀. Ọmọ wọn ló rà á ránṣẹ́ láti òkè òkun, ọwọ́ kan ni mo sì fi ń gbé e sókè. Bàbá, kò ní wáyà bíréèkì! Òróró ló wà nínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ títí dé ìdí táyà. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ fa bíréèkì, òróró náà á ti irin kékeré kan, irin yẹn á sì di àwo pẹlẹbẹ tó wà láàárín táyà mú. Rọ́bà róbótó kan tí kò tóbi ju èékánná lọ ni kì í jẹ́ kí òróró náà sá. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà nìyẹn.

Láyé ijọ́un, bàbá Màmá Tíṣà ló máa ń fi kẹ̀kẹ́ ru àgbọn láti Àgbádárìgì wá sí Ọ̀jọ́. Láti kékeré ni Màmá ti ń sọ pé àwọn náà á fi kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà yẹn, ní àlọ àti àbọ̀, kí àwọn tó kúrò láyé. Àwọn ọmọ wọn wá ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní Màmá ń bọ̀ wá bá àwọn gbé lókè òkun, ọjọ́ Túsìdeè ni wọ́n máa wọ bàálù. Sátidé tó ṣáájú Túsìdeè yẹn nìkan ló kù fún ìrìn àjò Àgbádárìgì. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì gééré nígbà tí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wá, wọ́n ní bíréèkì ti ń rọ̀ lọ́wọ́, kí n bá wọn wò ó.

Súlíyà, ibi tí o ò gbọdọ̀ fò rèé.

Ní ẹsẹ̀ títì wa níbí, ìgò òróró bíréèkì kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń yá lọ́wọ́ ara wa. Kàrímù tó ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ni ín. Bí mọ́tò dé, ìgò yẹn ni. Bí ọ̀kadà dé, ìgò yẹn náà ni. Kàrímù máa ń sọ pé bíréèkì ni bíréèkì, pé oyìnbó ló fẹ́ràn kó máa da ọ̀rọ̀ rú. Wọ́n kọ ọ́ sára kẹ̀kẹ́ Màmá gbangba pé irú òróró kan pàtó ni kí wọ́n lò. Mo kà á. Mo sì da ti Kàrímù sí i! Ìgbéraga ni, Bàbá. Mo ti rò ó pé mo ti mọ iṣẹ́ tán.

Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, bíréèkì ti gan. Mo tú u, mo sì bá rọ́bà inú ẹ̀ tó ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Kàrímù náà wò ó, ó gbé fìlà ẹ̀ kúrò lórí, ó sì padà sí ìsọ̀ ẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ohun tí atúnkẹ̀kẹ́ bá bà jẹ́, olówó ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe wù mí tó kí oòrùn tètè wọ̀ lọ́jọ́ náà! Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé Ìgbó-Elérin, mo kúnlẹ̀, mo gbé rọ́bà tó wú náà sórí àtẹ́lẹwọ́, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n mú awò ojú wọn, wọ́n wo rọ́bà, wọ́n wo èmi náà. Wọ́n wá ní kí n dìde, pé ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n gbọ́ o, ọmọ tó bá gba òdo lọ́dọ̀ àwọn, àwọn kì í lé e kúrò ní kíláàsì, ńṣe ló máa tún iṣẹ́ náà ṣe. Sátidé ò ní yẹ̀. Ojú wọn ti pọ́n nígbà tí wọ́n ń sọ ìyẹn, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ Àgbádárìgì yìí kì í ṣe ṣeréṣeré lọ́kàn wọn.

Ọjọ́ kejì ni mo wọ Alábà. Ẹ̀méká, ọmọ Íbò tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ fún mi, wo rọ́bà náà, ó pòṣé. Ó ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti dáwọ́ ẹ̀ dúró tipẹ́, pé èyí tí wọ́n ń ṣe báyìí ò lè wọ ojú ibẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó pe ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó pe ẹnì kan ní òkè òkun níwájú mi. Èsì kan náà ni gbogbo wọn ń fún un: wọn ò ṣe é mọ́. Ó ní kí n ra odindi bíréèkì tuntun, pé ó máa dé láàárín oṣù kan. Oṣù kan! Màmá á ti máa wọ kóòtù otútù nígbà yẹn. Mo jókòó sórí táyà kan níbẹ̀, mo sunkún díẹ̀, Ẹ̀méká sì ra omi tútù fún mi.

Òun náà ló rántí bàbá Ẹ̀gùn kan lọ́nà Ìjànikin, tó ń tún ẹ̀rọ tó ń mú kí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ tírélà rọ̀ ṣe. Òróró ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ yẹn náà. Bàbá ọ̀hún gbọ́ ẹjọ́ mi tán, wọ́n fi èmi àti Kàrímù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi pé òróró ò jọra: rọ́bà tó bá bá ọ̀kan rẹ́, òmíràn lè pa á. Òróró tí àwọn ń lò fún tírélà àti èyí tí wọ́n kọ sára kẹ̀kẹ́ Màmá, ìran kan náà ni wọ́n. Wọ́n gbé agolo kan jáde tí rọ́bà róbótó kún inú ẹ̀, a sì ń wọ̀n ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi rí oríṣi mẹ́ta tó jọ ti Màmá. Wọ́n ní kí n má tíì lo ìkankan o. Kí n kọ́kọ́ rẹ wọ́n sínú òróró fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n mọ ìwà wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Ẹ̀méká bá mi wá ojúlówó òróró náà, mo bu ú sínú ìgò jáàmù mẹ́ta, mo sì tò wọ́n sójú fèrèsé. Láràárọ̀ ni Kàrímù ń wá kí wọn bí ẹni ń kí ìyá ìkókó. Ọ̀kan wú. Ọ̀kan rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ẹ̀kẹta dúró bí mo ṣe fi í síbẹ̀, kò yí padà rárá. Mo fọ gbogbo inú bíréèkì náà títí kò fi ku ẹ̀kán òróró Kàrímù kan, mo wọ rọ́bà náà sí i, mo da òróró tó tọ́ sínú ẹ̀, mo lé gbogbo atẹ́gùn jáde. Mo fọwọ́ fà á. Ó le dáadáa.

Àárọ̀ Jímọ̀, Màmá dé, wọ́n na ọwọ́ gba kẹ̀kẹ́. Mo ní ó tì o. Mo sọ fún wọn pé lọ́dọ̀ bàbá mi ní Ṣakí, ẹni tó tún bíréèkì ṣe ni yóò kọ́kọ́ gùn ún, láti orí òkè, lójú ẹni tó ni ín. Mo sọ bẹ́ ẹ ṣe máa ń gbé mi síwájú kẹ̀kẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, tá a jọ ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá àpáta, tí Ìyá á máa pariwo pé ẹ fẹ́ pa òun lọ́mọ. Màmá ní kí n dúró ná, kí lorúkọ tí bàbá mi ń pè mí? Mo ní Àbẹ̀kẹ́.

Ilẹ̀ Ọ̀jọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè. Afárá tó gba orí títì kọjá lápá Ìbà la lọ. Mo gbé kẹ̀kẹ́ dé téńté, mo wo ìsàlẹ̀. Obìnrin kan tó ń kọjá ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Mo ní bísímílà, mo sì já a sílẹ̀. Atẹ́gùn kún etí mi. Nígbà tó ku díẹ̀ kí n dé ìsàlẹ̀, mo fa bíréèkì, kẹ̀kẹ́ náà dúró, Bàbá! Ó dúró ṣinṣin, lẹ́bàá ẹsẹ̀ Màmá gan-an. Wọ́n ké Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́, wọ́n dì mọ́ mi tòun ti gíríìsì. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀. Mo tún gùn ún lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ti àkọ́kọ́ ni mo fi dán an wò, ìyókù, ó kàn dùn mọ́ mi ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá gbéra lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Iṣẹ́ ò ṣe é ṣe fún mi lọ́jọ́ náà, fóònù ni mò ń wò ṣáá. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí wọ́n fi pè mí láti etí òkun ní Àgbádárìgì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, mi ò tiẹ̀ gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n kọ́kọ́ yà kí wọ́n tó délé. Àgbọn méjì ni wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, bí bàbá wọn ṣe máa ń rù ú. Mo kọ̀ láti gba owó iṣẹ́. Wọ́n ní kò burú, kí n gba àgbọn: ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ẹni tó kọ́ mi pé atúnkẹ̀kẹ́ ló ń kọ́kọ́ gùn ún.

Màmá ti wọ bàálù lọ. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi títí wọ́n á fi wálé, wọ́n ní kí n máa gùn ún ní Sátidé. Wọ́n sì ń pè mí láràárọ̀ Sọ́ńdè. Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè mí.

Ìyá mi, ẹ bèèrè aṣọ tí mo fi ránṣẹ́ sí yín lọ́wọ́ dírẹ́bà. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí Ìyá Àgbà, ẹ kí àwọn aládùúgbò wa lẹ́bàá àpáta. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ̀, kó jẹ́ kẹ́ ẹ jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ àwa ọmọ yín pẹ́.

Bàbá mi, àgbọn náà wà lọ́wọ́ dírẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá. Tiyín ni. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló gbé e láti Àgbádárìgì. Kẹ́ ẹ tó fọ́ ọ, ẹ gbé e sétí, ẹ mì ín wò. Ẹ ó gbọ́ omi nínú ẹ̀. Iṣẹ́ yín ò kú, Bàbá.

Èmi ni ọmọ yín tó kọ́kọ́ gùn ún,
Ràfíátù Àbẹ̀kẹ́.