Bàbá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Kọjá Lórí Kẹ̀kẹ́: Ìtàn Ìgbésí Ayé Alhaji Nùrẹ́nì Ìgè Ṣàíbù (1951–2024)

Ìgàndó ni a bí Alhaji Nùrẹ́nì Ìgè Ṣàíbù sí ní ọdún 1951, nínú agbo ilé Ṣàíbù, tí ilẹ̀ wọn fẹ̀ débi pé ẹyẹ máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó fò ó já. Bàbá wọn ni Olóògbé Ṣàíbù, àgbẹ̀ tó ń gbin obì àti ẹ̀gẹ́. Ìyá wọn ni Olóògbé Nímọ́tà, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń din gààrì, ará Ìpájà á ti máa bu omi tútù sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ni Alhaji mú wá sáyé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ Ìgè. Àwọn ìyá àgbà tó gbẹ̀bí wọn sọ pé ẹsẹ̀ náà ti ń wa nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Ní 1958, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé kéú àti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkọ̀tún. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà tán. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́, agogo àtilọ sílé ló yé wọn jù. Ní 1967, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Agége, wọ́n sì ṣe fúrídọ̀ọ̀mù ní 1972. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sí Ẹ̀gán àti Ayọ̀bọ̀, géètì wọn ni gbogbo onílé ń wá. Géètì náà wúwo púpọ̀. Olè kan jí ọ̀kan gbé ní Ayọ̀bọ̀, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó lè sinmi díẹ̀, kò sì lè gbé e mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ bá a níbẹ̀.

Ní 1979, wọ́n fẹ́ Alhaja Àdíját, ọmọ Ìpájà. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń lọ kí i nígbà àfẹ́sọ́nà, ipa táyà wọn kò sì kúrò lójú ọ̀nà yẹn títí ìjọba fi da ọ̀dà sí i.

Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní 2005. Ní 2008, wọ́n fi wọ́n jẹ Alága Ẹgbẹ́ Onílé. Wọ́n gbẹ́ gọ́tà, wọ́n sì parí ìjà onílé àti ayálégbé. Kò sí ọ̀dọ́ kan ládùúgbò tí wọn kò tíì bá bàbá rẹ̀ parí ìjà rí, nítorí náà gbogbo ọ̀dọ́ ló ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn gbalaja, ì báà jẹ́ nínú ẹrẹ̀. Ọ̀wọ̀ yìí ló padà di wàhálà.

Ní 2013, dókítà ní ìfúnpá wọn ga, kí wọ́n máa na ara. Alhaji ra kẹ̀kẹ́ ìdíje. Àwọn ọ̀dọ́ Ìgàndó ní ìdíje kan tí wọ́n ń ṣe ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn Iléyá, láti Ìgàndó gba Ìkọ̀tún àti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìpájà, tó ń parí sí Ayọ̀bọ̀. Fáànù onídùúró ni ẹ̀bùn ẹni tó bá gba ipò kìíní. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Alhaji nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ìdíje náà.

Alhaja Àdíját wò wọ́n tòkè tilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. “Bàbá Rasaq, ṣòkòtò wo nìyẹn? Ṣé wọ́n rán an mọ́ yín lára ni?”

“Kí atẹ́gùn má bàa dá mi dúró ni.”

“Ìtìjú náà ò sì dá yín dúró.”

Wọ́n gba ipò kìíní ní 2014, wọ́n gbà á ní 2015, wọ́n tún gbà á ní 2016. Wọ́n sọ ní mọ́sálásí pé irin ló wà nínú ẹsẹ̀ àwọn, kì í ṣe egungun.

Ní 2017, ṣéènì wọn yọ nítòsí Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ láti tò ó padà, ọkàn wọn ò balẹ̀, wọ́n rò pé àwọn ọ̀dọ́ ti lọ. Ìgbà tí wọ́n bojú wẹ̀yìn, gbogbo àwọn ọ̀dọ́ náà tò sẹ́yìn wọn, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ìmáàmù.

“Kí lẹ ń dúró ṣe?”

Yahya, ọmọ ayálégbé wọn, ló wà níwájú. Ó wolẹ̀. “Ẹ fara balẹ̀, Alága. À ń sinmi díẹ̀ ni.”

“Nínú ìdíje?”

“Ta ló fẹ́ kọjá yín, sà? Bàbá mi á lé mi jáde nílé.”

Alhaji ló tún gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n wọn kò jẹun lọ́jọ́ náà. Fáànù mẹ́rin ló wà ní pálọ̀ wọn, ooru sì mú débi pé alángbá ń wá omi, wọn kò tan ọ̀kan. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́: kí ẹnìkan bá àwọn díje ní tòótọ́ kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ní 2018, wọ́n bẹ àwọn ọ̀dọ́ ní ìpàdé. Gbogbo wọn ní, “A ti gbọ́, sà.” Lọ́jọ́ ìdíje, Alhaji rọra ń wa kẹ̀kẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ lè kọjá, àwọn náà rọra, títí ìyá kan tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìsìn òwúrọ̀ fi kọjá gbogbo wọn. Fáànù di márùn-ún.

Ní 2019, Godswill wọ ìdíje. Ọmọ Delta ni, ó ń ta páátì ọkọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbalé sí Ìgàndó ni, kò mọ Alága, kò mọ onílé. Ní Ìpájà, ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ Alhaji. “Baba, abeg, shift small!” Ló bá kọjá fíìn.

Ará ọ̀nà figbe ta: “Ọmọ yìí, o ò lẹ́kọ̀ọ́! Àgbà lo kọjá yẹn?” Àmọ́ Alhaji ti bẹ́ tẹ̀lé e, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tuntun, àwọn tó wà níbẹ̀ sì búra pé táyà wọn kò kan ilẹ̀ mọ́. Wọn kò bá a.

Nígbà tí wọ́n dé Ayọ̀bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ti yí Godswill ká. “Dọ̀bálẹ̀! Dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá kíá!”

Alhaji ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, wọ́n wọ àárín wọn. “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Òun nìkan ló bá mi díje. Ẹ̀yin kàn ń sìn mí wá sí Ayọ̀bọ̀ lọ́dọọdún ni.” Wọ́n sì gbé ọwọ́ Godswill sókè. Ojú ti Yahya, kò lè wò wọ́n.

Ní 2022, nígbà tí ìdíje padà lẹ́yìn Kòrónà, Yahya ló kọ́kọ́ kọjá wọn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà,” omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ipò kẹtàdínlógún ni Alhaji gbà. Wọ́n délé, wọ́n tan fáànù márààrún lẹ́ẹ̀kan náà títí àjà fi fẹ́ ṣí. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó wọn fún mọ́sálásí. Wọ́n ní bí ìdílé bá ń kọ ìtàn àwọn, ipò kẹtàdínlógún ni kí a kọ, kí a fo ìyókù. Ìdílé bẹ̀bẹ̀ fún àforíjì, a ti kọ gbogbo rẹ̀.

Alhaji jáde láyé nílé wọn ní Ìgàndó ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Wọ́n fi aya wọn, Alhaja Àdíját, sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ: Rasaq, Fàtíà àti Ahmed, àti àwọn ọmọ-ọmọ: Al-Ameen, Fàdìlàt, àti àwọn mìíràn tí orúkọ wọn kò lè gba ojú ìwé yìí àfi bí a bá tẹ́ ẹ gùn dé Ẹ̀gbẹ́dá.

Ìgè, ọkọ Àdíját, ẹ sinmi dáadáa. Kí Ọlọ́hun foríjì yín, kó sì fi Àlùjánnà ṣe ibùgbé yín. Gbogbo wa là ń bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè wá o. A ò kánjú rárá.