Àgádágodo Méje

Àbúrò mi,

Mo kọ "ọ̀wọ́n" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì tún pa á rẹ́. Má jẹ́ kó dùn ọ́. Tàbí kó dùn ọ́ díẹ̀. Mo kí ọ, mo sì ń tọrọ pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kí ara rẹ sì le, nítorí n kò fẹ́ bá aláìsàn jà. Ara Màámi le. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n bí òjò bá ti ṣú, ṣùgbọ́n àárọ̀ kì í mọ́ kí wọ́n má jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, kí wọ́n máa bú àwọn oníbàárà tó sanra lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ̀n wọ́n tán. Ara tèmi náà le. Inú mi nìkan ni kò dùn.

Ẹrù tí o fi ránṣẹ́ dé láìyingin. Ìwé kẹta nínú ìtàn tí o ń kọ, ìparí ìrìnàjò, ó wúwo ju méjèèjì àkọ́kọ́ lọ. Ní ilé ìkàwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìwé kìíní àti ìkejì ti já mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Gọ́ọ̀mù tí mo fi ń lẹ̀ wọ́n ti ju bébà inú wọn lọ. Alápatà kan wà tó ń wọlé wá bá wa tòun ti ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu bàtà, kì í yá ìwé ẹlòmíràn àyàfi tìrẹ. Ó ti kìlọ̀ fún mi: "Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín, ẹ̀gbọ́n, bó bá fi lè pa Olójúkan, eegun lásán ni n ó máa tà fún yín títí ayé." Mo rẹ́rìn-ín. N kò lè sọ fún un pé ìwé náà wà nínú àpò mi níbi tí mo dúró sí, àti pé mo ti ń rò ó bóyá kí n má tilẹ̀ ti ṣí i ni ì bá sàn.

Jẹ́ kí n ro ìtàn rẹ fún ọ, kí o má baà sọ pé n kò kà á dáadáa kí n tó máa bínú. Nínú ìwé kìíní, ọba abẹ́ àpáta ká odò ìlú kan nílẹ̀ bí ẹní, ó sì gbé e lọ. Ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Òǹgbẹ jáde láti lọ gbà á padà, òun àti Olójúkan tó jẹ́ jagunjagun nígbà kan, àti obìnrin amọ̀kòkò kan tó ń ru ìkòkò òfìfo kiri. Nínú ìwé kejì, wọ́n la igbó onígíláàsì kọjá, wọ́n ṣìnà, wọ́n sì ń gbọ́ òkìkí Ìyá Oníbodè, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè ìkẹyìn, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí. Nínú ìwé kẹta, wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àbúrò mi, mo sì bá ìyá tó bí wa níbẹ̀.

Sísọ́ọ̀sì tó fi okùn kọ́ ọrùn. Àtàǹpàkò tí kò ní èékánná. Orin tó ń gba àárín eyín jáde. Nígbà tí Ọmọ Òǹgbẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kọjá, ó ní, "Jókòó, ayé ò ní sá lọ." Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé yìí bí kò ṣe Màámi? Ó wá ti ọmọ náà mọ́ inú ihò òkúta kan, ó fi àgádágodo méje sí i, ó sì lọ. Mo mọ ihò òkúta náà. Yàrá tí wọ́n ń kó àkísà sí ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìránṣọ, níbi tí wọ́n tì ọ́ mọ́ lọ́jọ́ tí lọ́rì àwọn eléré orí ìtàgé ń lọ, tí o fẹ́ bá wọn lọ.

O fi bébà kékeré kan há inú ìwé náà. O ní kí n ka ìwé náà sétí Màámi. Bí wọ́n bá gbà, kí n pe atẹ̀wé kí n sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọn kò bá gbà, kí n sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò yọ gbogbo ibi tí Ìyá Oníbodè wà. O ní o kò ní lè wá, iṣẹ́ pọ̀. Mo ka bébà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ìdí ife tíì lé e lórí.

N kò ní purọ́ fún ọ: ìwé náà dára. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Ì bá ṣe pé ó burú ni, ǹ bá jù ú sílẹ̀, ǹ bá sọ pé òǹkọ̀wé tí kò mọ̀ ọ́n kọ ló ń fi ìyá rẹ̀ ṣe ẹrú. Mo jókòó ti ìwé ìrántí mi, mo bi ara mi léèrè. Àwọn ẹlòmíràn ti kọ ìyá wọn sínú ìwé kí ìwọ tó kọ tìrẹ, mo kà á, mo pàtẹ́wọ́ fún wọn, mo ní onígboyà ni wọ́n. Ìgbà tó kan ìyá tèmi ni mo wá rí i pé ìwà ọ̀dájú ni. Èwo ni òtítọ́ nínú méjèèjì? Bẹ́ẹ̀ ni n kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni mo wà. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bóyá ìwọ lo kó o. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀, mo sì ṣì ń bínú.

Mo kà á fún Màámi. O kò lè ti gbàgbé bí a ṣe ń kàwé nílé yìí: àwọn ń ránṣọ, àwa ń kà, ẹ̀rọ sì ń dún. Bí a bá ka ohun tó jọ irọ́ létí wọn, ẹsẹ̀ wọn á dúró, ẹ̀rọ á dákẹ́, a ó sì padà sẹ́yìn lọ ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí mo dé orí Ìyá Oníbodè, mo rò ó pé kí n fò ó. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á mọ̀. Mo ka sísọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ ń dún. Mo ka àtàǹpàkò, ẹ̀rọ ń dún. Mo ka "ayé ò ní sá lọ", wọ́n mi orí, ẹ̀rọ ń dún. Mo ka àgádágodo méje, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àgádágodo méje! Nílé tí a ti ń fi bébà dí ojú fèrèsé! Ọmọ yìí mà fi mí ṣe olówó o." Ẹsẹ̀ wọn kò dúró.

Lẹ́yìn náà mo ka ibi tí o kọ pé Ìyá Oníbodè padà sídìí òfì rẹ̀, ó ń kọrin, ó ń hunṣọ títí ilẹ̀ fi ṣú, bí ẹni pé kò sí ọmọ kankan nínú ihò. Ẹ̀rọ dákẹ́.

Wọ́n ní, "Ka ibẹ̀ yẹn." Mo kà á. Wọ́n ní, "Irọ́ nìyẹn. Mi ò ránṣọ lọ́jọ́ yẹn. Ta ló sọ fún un pé mo ránṣọ? Ìlẹ̀kùn yàrá àkísà ò ní kọ́kọ́rọ́, ìkọ́ rẹ̀ ti já tipẹ́. Ẹ̀yìn mi ni mo fi tì í. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ògiri iwájú. Gbogbo ìpàá tó ń ta, ẹ̀yìn mi ló ń bà. Mo gbọ́ nígbà tí lọ́rì fun fèrè, mo gbọ́ nígbà tó lọ. Mi ò dìde. Ó sunkún títí tó fi sùn, mi ò sì dìde."

O mọ̀ mí, mo fẹ́ bá wọn wá àwíjàre. Mo ní, "Màámi, bóyá ẹ ti gbọ́ nǹkan burúkú nípa àwọn eléré yẹn ni." Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní bóyá ẹ̀kọ́ rẹ ni wọ́n ń rò. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo aṣọ tí wọ́n gé ṣì. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwé tí o kà ti pọ̀ jù. Ẹ̀rù ló bà mí, kò sí ohun mìíràn. Bàbá yín ti kú, ìwọ ti lọ, òun nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́. Mo rò pé bó bá fi gun ọkọ̀ yẹn, mi ò ní rí i mọ́. Ó dáa, mi ò jẹ́ kó gùn ún. Ṣé mo wá ń rí i?"

Gbogbo ọmọ tó bá lọ́rì náà lọ ló padà wá, wọ́n tilẹ̀ sanra. Ọ̀kan nínú wọn ló ń kọrin lórí rédíò báyìí. Màámi mọ̀. Bí orin rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á nawọ́ pa rédíò. Nítorí náà má rò pé mo ń sọ fún ọ pé wọ́n jàre. N kò mọ̀ bóyá wọ́n jàre. Wọn kò sọ pé àwọn jàre.

Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan fún ọ. Ìwọ tí o ń gbọ́ ìró ewé gíláàsì nínú igbó tí kò sí níbikíbi, etí rẹ dà lọ́jọ́ náà? Ẹ̀rọ Màámi kì í dákẹ́ lọ́sàn-án. Òun ló ń rẹ̀ wá sùn nígbà tí a wà lọ́mọdé. O wà nínú yàrá tí ògiri kan ṣoṣo pààlà sí i, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣé o gbọ́ kó dún? O kò gbọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lo gbọ́, o wá fi òfì àti orin dí i nígbà tó yá, torí pé ìtàn dùn sí i bẹ́ẹ̀. Àbí o rò pé wọ́n ti jáde lọ ni? Ọmọ kékeré ni ọ́, n kò ní bá ọmọ náà wí. Ọkùnrin onírùngbọ̀n tó jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ ni mo ń bá wí.

Màámi ní kí n kà á dópin. Ọmọ Òǹgbẹ bọ́ nínú ihò, ó tú odò náà sílẹ̀, amọ̀kòkò fi ìkòkò rẹ̀ bu omi àkọ́kọ́, gbogbo ìlú mu. Alápatà yóò sunkún níbẹ̀. Èmi náà sunkún. Lẹ́yìn náà Ọmọ Òǹgbẹ ní kí Olójúkan lọ sé ẹnubodè mọ́ Ìyá Oníbodè, kí obìnrin náà wà níta, kó máa gbọ́ ìró omi, kó má rí mu. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni o parí rẹ̀ sí.

Mo ti mú fóònù lọ́wọ́. Mo ń retí kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ kọ́, inú mi ì bá sì dùn láti sọ ọ́ fún atẹ̀wé. Wọ́n já òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́, wọ́n ní: "Kí wọ́n má yọ mí. Bó bá ní mo burú, mo burú. Òun ló wà nínú yàrá. Kó yọ orin yẹn, torí irọ́ ni. Àti Olójúkan. Kí ló kan Olójúkan? Èmi ò rán ẹnikẹ́ni lọ sé ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ara mi ni mo fi sé e. Bó bá fẹ́ sé tèmi, kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ sé e, kí n rí ojú rẹ̀." Mo ní, "Màámi, ṣé kí n sọ pé ẹ gbà, àbí ẹ ò gbà?" Wọ́n ní, "Sọ fún un pé mo gbọ́."

Wàyí o, ẹjọ́ tèmi ló kù. O kọ ọ̀rọ̀ tó tó báyìí nípa ìyá rẹ, o kò sì lè dúró níwájú wọn kí o kà á. O kò fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́nu wọn, o kò fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. O fẹ́ kí atẹ̀wé bá ọ gbọ́ ọ. Èmi lo rán. Èmi ni Olójúkan rẹ, mo sì ti fẹ́ẹ̀ lọ bá ọ sé e, nítorí mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ, nítorí inú ń bí mi, n kò tilẹ̀ mọ èwo. Má rán mi mọ́. Ojú mi méjèèjì ṣì pé.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òǹgbẹ gbẹ ọ́ níbi tí omi wà. Kí ọwọ́ tí o fi ń kọ̀wé má rọ. Kí o má di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, tí ará ilé rẹ̀ ń bèèrè ibi tó wà. Pẹ̀lú ìbínú ni mo fi ń gba àdúrà yìí, ṣùgbọ́n n kò rò pé ìyẹn ní kó má gbà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú rẹ, tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù: Atẹ̀wé pè mí kí n tó pè é. Ó ní gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́, èsì mi nìkan ló kù, ṣé bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo ní kó dúró ná, pé ìparí ìwé náà kò tíì parí, pé o ń bọ̀ nílé wá tún un ṣe lójú Màámi. Ó ní ìgbà wo? Mo ní o ti wà lọ́nà. Má sọ mí di òpùrọ́.