Àáró Yín Ti Wọnú Ìwé Òfin

Èmi Títílayọ̀ ni mò ń kọ ọ́, nínú pálọ̀ wa ní Ìsọlọ̀. Bàbá mi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọn kò kàwé, wọ́n sì ní dandan ni kí bàbá tó bí wọn, tó ti kú, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Wọn ò jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ kankan ṣe.

Bàbá mi tó sùn sẹ́yìn ilé wa l'Ékìtì,

Iṣu yín ta, kì í ṣe lóko o.

Títílayọ̀ ọmọ mi, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, àtàwọn ọ̀jọ̀gbọ́n márùn-ún ń dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀. Pálọ̀ mi ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Sátidé mẹ́ta ni wọ́n fi jà lórí ibi tí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ yóò wà; kálukú ń fà á sí yunifásítì tirẹ̀. Tírélà ń kọjá lójú títì, ariwo tiwọn bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé n kì í lè dákẹ́. Mo sọ àáró yín fún wọn: bí ẹ̀yin àtàwọn ọ̀rẹ́ yín ṣe ń bá ara yín ro oko lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí ọ̀gá, tó jẹ́ pé oko ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn lẹ máa ń kọ́kọ́ lọ. Ara wọn balẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin: yunifásítì tí agbára rẹ̀ kéré jù ni ọ́fíìsì yóò ti kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà yóò kárí.

Ni wọ́n bá ka òfin tó tẹ̀ lé e: ẹni tó gboyè yunifásítì nìkan ló lè wọ ẹgbẹ́. Ojú ti Títílayọ̀. Ojú ò tì mí. Mo ní àáró bàbá mi kò ní wọlé kí èmi dúró síta.

"Bàbá, orí yín mà le o!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó dàgbà jù nínú wọn nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi bírò pa òfin náà rẹ́. Mo tẹ̀ka. Èmi ni ìkeje wọn.

Ó ku nǹkan kan. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ka lọ́dọ̀ ẹni tó ń ra kòkó, tí akọ̀wé rẹ̀ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, tí mo fi ìtìjú sá sẹ́yìn àpò kòkó? Ṣé ẹ rí mi? Ṣé torí ẹ̀ lẹ fi ń fi ewé nu ìka títí a fi délé?

Bàbá, n kò tíì fọ tèmi.

Èmi, ọmọ yín tó jogún agídí yín. Àtàǹpàkò mi nìyí.

Ẹlẹ́rìí: Ìyá Títílayọ̀, ìyàwó mi, àti Bàbá Kẹ́hìndé, aládùúgbò wa, tó gbọ́ gbogbo ìjà náà láti ojú fèrèsé.