Adágún Ẹja Qigu àti Ìpín Tó Dà Bí Owó Pọ́ọ́kú

Ilé Kejìlélógún,
Òpópónà Jianzhong,
Hsinchu, Taiwan.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, ọdún 2018.

Kuo-liang, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Orúnkún màmá rẹ ńkọ́, ṣé oògùn tí mo fi ránṣẹ́ ṣiṣẹ́? Mei-yun ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Su-chen ìyàwó mi ṣì ń bá mi jà nítorí sìgá.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní o ti rí ẹni tí yóò ra adágún ẹja yín ní Qigu, pé lọ́jọ́ Ẹtì ni ẹ ó tọwọ́ bọ̀wé, àti pé gbogbo owó náà lo fẹ́ fi ra ìpín ìdókòwò iléeṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù, èérún kékeré tó ń tọ́jú ìrántí nínú fóònù. O ní èrè ọdún márùn-ún péré ti tó owó ìpín náà, nítorí náà owó pọ́ọ́kú ni. Láti ìgbà tí mo ti kà á, ọkàn mi kò balẹ̀.

Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́dún 2006. Iléeṣẹ́ ṣíìpù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ń pawó nígbà náà, ṣíìpù kò tó àwọn tó ń rà á, mo sì ra ìpín nínú rẹ̀. A gbé àpò ìpápánu aláwọ̀ ewé sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, bí a ti máa ń ṣe fún oríire, kí àwọn ẹ̀rọ náà má bàa yọnu. Ẹ̀rọ kò yọnu lóòótọ́. Ọjà ló yọnu. Gbogbo iléeṣẹ́ tó rí èrè yẹn, tiwa àti ti Korea, ló kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun láti ṣe ṣíìpù sí i. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, ṣíìpù kún ìgboro, èrè tí mo fi díwọ̀n ìpín náà pòórá, ìpín tí mo rà ní ogójì dọ́là Taiwan di mẹ́ta. Wọ́n ní ká lọ máa sinmi nílé láìgba owó oṣù. Su-chen wò mí, ó ní, "Ọ̀gá onímọ̀ ṣíìpù, ẹ kú ìsinmi o! Ṣé ìpín yín náà ń sinmi ni?" Ojú tì mí gan-an.

O lè ní ẹni tí ejò ti bù jẹ rí ni mí, tí mo wá ń sá fún ekòló. Àbúrò, ejò náà gan-an ni mo tún rí yìí.

Bàbá rẹ, àbúrò bàbá mi, ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ṣíìpù. Ṣé o rántí ọdún tí ẹja wọ́n, tí gbogbo Qigu ń gbẹ́ adágún? Wọ́n ní kí òun náà gbẹ́ sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ gbẹ́ ẹ, ẹ gbẹ́ ẹ! Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ológbò ni yóò máa bá yín jẹ ẹja náà." Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹja di yẹpẹrẹ, àwọn aládùúgbò ń sá lọ, ìgbà yẹn ni bàbá rẹ ra adágún tí o fẹ́ tà yìí, nígbà tí kò sí èrè kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Èrè ọdún tó dára jù kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ọdún dídára àti ọdún burúkú la máa ń pa pọ̀ kí á tó mọ iye tí nǹkan tó.

Mo mọ̀ pé ẹja kò tà lọ́dún yìí, ṣíìpù ló ń tà. Ohun tí owó rẹ̀ wà nílẹ̀ lo fẹ́ tà láti fi ra ohun tí owó rẹ̀ ti gun òkè tán.

Bá mi kí màmá àti Mei-yun, kí o sì sọ fún àwọn ọmọ pé bàtà tí mo ṣèlérí ń bọ̀.

Bí o bá gbọdọ̀ ta adágún náà, sọ fún oníbàárà rẹ pé ẹlòmíràn ti rà á. Iye tó fẹ́ san ni èmi náà yóò san. Su-chen ló dá àbá yìí, kò tilẹ̀ bá mi jà. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó mọ̀ pé adágún náà kò mú èrè kankan wá lọ́dún yìí. Ó ní ìdí tí òun fi fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Yung-fa