Omi Tó Ń Kán Sí Ìdí Ata

                                        Ilé Ẹnu Ọ̀nà Oko,
                                        Lẹ́yìn Kànga Tuntun.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Àbúrò mi àtàtà, ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó máa ń dùn ọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀? Mo mọ̀ pé o ti ń bínú pé láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, n kò kọ lẹ́tà kankan. Má bínú, ọmọ ìyá mi. Ojú ló ń tì mí. Ní báyìí tí ara ti tù mí, mo lè jókòó rò ó fún ọ, kí o sì fi mí rẹ́rìn-ín tẹ́rùn.

O rántí pé nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún mi pé ẹ̀yìn mi kò gba garawa mọ́. Bàbá wọn wá là á mọ́lẹ̀ pé ata ẹ̀ẹ̀rùn yìí la ó fi dán an wò. Bí ó bá yè láìjẹ́ pé mo ru omi, a dúró. Bí ó bá kú, a ó fi oko sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ká lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ wa obìnrin nígboro. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Kí ni mo fẹ́ máa ṣe nígboro? Kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà máa ka ẹni tó ń kọjá? Oko yìí ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, n kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Pọ́ńbà kan, oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi, wà níbí tí gbogbo wa ń pè ní Kò-Kánjú, torí kò sí ohun tó lè mú un sáré. Òun ló bá wa ṣe ẹ̀rọ ìbomirin kan tí apá wa ká. Ó gbé àgbá kan lé orí búlọ́ọ̀kù tó ga tó ìbàdí, ó so rọ́bà tín-ín-rín mẹ́fà mọ́ ọn, ó tẹ́ wọn gba ẹsẹ̀ ìlà ata mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì fi abẹ́rẹ́ gún ihò kọ̀ọ̀kan síbi tí ata kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ̀rọ kan tí Bàbá wọn ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ló ń fa omi kànga sínú àgbá. Kó o wá rí ọkọ mi lórí rẹ̀, bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìlú tí kò ní dé láéláé.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Tó, tó, tó. Mo wò ó, inú bí mi. Ṣé oògùn ojú ni wọ́n ń kán sí ata ni? Èmi tí mo ti ń fi garawa bomi rin ata láti ogún ọdún, tí n kì í kúrò níbẹ̀ àfi bí ilẹ̀ bá ń dán! Ibi tó tutù kò tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ. Lọ́jọ́ tí Bàbá wọn lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ki ìṣó bọ iná, mo sì fẹ gbogbo ihò ara rọ́bà náà. Omi tú yaa. Mo tilẹ̀ ń kọrin.

Àbúrò mi, ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ẹkún fi rọ́pò orin. Ata tó wà nítòsí àgbá mumi yó, ewé wọn pọ́n, wọ́n ń jẹrà nídìí. Omi kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jìnnà rárá, wọ́n ń rọ. Ni mo bá ń jí ní kùtù, kí Bàbá wọn tó jí, mo ń ru garawa níkọ̀kọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, n kò lè nàró mọ́. Ó bá mi níbi tí mo ti dì mọ́ àgbá, mo sì jẹ́wọ́. Kò bá mi jà. Ó kàn ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ìyẹn dùn mí ju ìjà lọ.

Mo ránṣẹ́ pe Kò-Kánjú. Mo rò pé yóò bú mi ni. Rọ́bà tuntun ló mú, ó fi abẹ́rẹ́ gún un, ó jẹ́ kí ó máa kán sójú kan láti àárọ̀ di ọ̀sán, ó sì jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ló fi ìka walẹ̀ níbẹ̀, tó ní kí èmi náà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Òkè ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ìsàlẹ̀ tutù rinrin.

“Ìyá,” ó ní, “ojú ilẹ̀ lẹ̀ ń wò. Gbòǹgbò ló ń mumi, kì í ṣe ojú yín.”

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi fi ìṣó gbígbóná mú tèmi. A gé tíúbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, a fi di gbogbo ihò tí mo fẹ̀, Kò-Kánjú sì gún òmíràn. Odindi ọjọ́ méjì la fi ṣe é. Ìdámẹ́ta ata náà ti kú, àmọ́ ìyókù dìde, wọ́n tanná, wọ́n so.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la ká àkọ́ká, apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta. Bàbá wọn gbé e délé, kò sọ pé a ń lọ, kò sọ pé a kò lọ. O mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ wúwo. Ọkàn mi kò balẹ̀. Lánàá, mo dé oko, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá, ó ń gbin ọsàn. Ọsàn, àbúrò mi, tí yóò tó ọdún márùn-ún kó tó so! Ó gbójú sókè, ó ní kí n fa rọ́bà kan wá síbẹ̀.

“Ihò kékeré o,” ló wí.

Tẹkún tẹ̀rín ni mo fi fà á.

Bá mi kí ọkọ rẹ dáadáa, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má yà sígboro wá wa o. Oko lẹ ó ti bá wa.

Tìrẹ ni mo jẹ́ nígbà gbogbo,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.